Postdoc Nínú Yíya Àwòrán Ọpọlọ: Àyẹ̀wò Àwọn Ètò Oxford, Montreal àti Boston fún Ọmọ Nàìjíríà

Àwọn ọmọ wa tó ń gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì ìṣègùn, rẹ́díọ́lọ́jì, ìmọ̀ ìhùwàsí ènìyàn àti ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń bèèrè bóyá ó tọ́ kí ènìyàn fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta ṣe postdoc, ìyẹn iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, nínú yíya àwòrán ọpọlọ ní yunifásítì òkè òkun. Èmi tí mo kọ àyẹ̀wò yìí ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń bá àwọn tó ń ṣe é níbòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀ títí di òní. Ìdáhùn mi ni pé ó tọ́ gan-an, bó bá jẹ́ pé ẹni tó lọ ló ni ìbéèrè tó ń wá ìdáhùn sí, tí wákàtí lílo ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sì wà lórúkọ rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá sí, orúkọ yunifásítì náà kò ní ṣe é láǹfààní tó bó ṣe rò, bó ti wù kí orúkọ ọ̀hún rinlẹ̀ tó.

Ohun méjì tó yàtọ̀ síra pátápátá ni àwọn ènìyàn ń pè ní postdoc. Èkíní ni iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi owó ìwádìí tirẹ̀ gbani sí: òun ló kọ̀wé béèrè owó náà, òun ló ti pinnu ohun tí wọ́n máa wò nínú ọpọlọ àti irú ènìyàn tí wọ́n máa yà, ẹni tí wọ́n gbà sì wá bá a mú èrò náà ṣẹ ni. Èkejì ni fellowship gan-an, níbi tí olùwádìí ti fi orúkọ ara rẹ̀ béèrè owó lọ́wọ́ àjọ kan, tí owó oṣù rẹ̀ àti owó ẹ̀rọ sì tẹ̀ lé e lọ sí yunifásítì tó bá yàn. Ẹni tó wà nínú èkejì ṣì ní ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kò lè ṣàdédé ní kó pa iṣẹ́ rẹ̀ tì kó lọ bá ẹlòmíràn tún dátà ṣe. Ìkéde iṣẹ́ kì í sábà sọ ìyàtọ̀ yìí yékéyéké. Ní àwọn ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Boston, "Research Fellow" ni orúkọ tí wọ́n ń fún ẹni tó wà nínú irú kìíní, nítorí náà, ẹ má ṣe fi orúkọ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ni owó.

Kí n tó sọ̀rọ̀ nípa ibùdó kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. MRI ni ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ya àwòrán inú ara, Tesla ni wọ́n sì fi ń wọn agbára òòfà náà. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ìwádìí ọpọlọ jẹ́ ti Tesla 3, èyí tí agbára òòfà rẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 60,000 ti ilẹ̀ ayé tí à ń gbé. Àwọn ibùdó ńlá ní ti Tesla 7 pẹ̀lú. Ní ọdún 1990 ni Seiji Ogawa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dín kù máa ń yí àmì tí ẹ̀rọ ń gbà padà. Orí èyí ni wọ́n gbé fMRI, ìyẹn fífi MRI wo ọpọlọ lẹ́nu iṣẹ́, lé: apá ọpọlọ tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń fa ẹ̀jẹ̀ tuntun sọ́dọ̀, ẹ̀rọ á sì rí ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í yára bí èrò. Ènìyàn á ti gbọ́ ohùn kan tàbí rí àwòrán kan tán, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́fà á sì kọjá, kí àmì náà tó ga dé ibi tó máa ga dé, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ ọ̀hún kéré débi pé mímí orí díẹ̀ lè bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí postdoc tó dára ń kọ́ni nìyí: bí a ṣe ń ya ohun tó wá láti inú ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó wá láti inú èémí, lílù ọkàn, orí tó mì àti àléébù ẹ̀rọ. Kò sí ìwé tó lè kọ́ ènìyàn ní èyí tán. A gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí a jọ máa wo àwòrán tó bàjẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí ó ti bàjẹ́ àti ohun tó bà á jẹ́.

Bí ẹ bá wò ó báyìí, Oxford ni mo fi ṣíwájú. Ibùdó FMRIB, tó wà nínú ọgbà ilé ìwòsàn John Radcliffe ní Headington, ni wọ́n ti kọ FSL, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn yunifásítì ń lò lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri ayé láti yọ ọpọlọ kúrò lára agbárí nínú àwòrán, láti to àwòrán ẹnì kan mọ́ ti ẹlòmíràn, àti láti tọ ipa àwọn okùn funfun tó so apá ọpọlọ kan mọ́ òmíràn. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ náà ló wà nídìí bí wọ́n ṣe ń ṣètò àwòrán ọpọlọ ti UK Biobank, àkójọ dátà ìlera àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí yíya àwòrán rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2014, tí iye àwọn tí wọ́n ti yà sì pé 100,000 ní 2025. Ẹni tó bá ṣe postdoc níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láàárín àwọn tó kọ irinṣẹ́ tí gbogbo wa ń lò, ìyẹn sì níye lórí ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà bá sọ pé apá kan nínú ọpọlọ ń ṣiṣẹ́, tí ara ẹni kò sì gbà á, ó yàtọ̀ púpọ̀ kí ènìyàn lè bi ẹni tó mọ bí ìṣirò náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Àbùkù méjì ni mo rí. Èkíní ni pé dátà tó ti wà nílẹ̀ pọ̀ débi pé olùwádìí lè lo gbogbo àkókò rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà láìya ènìyàn kankan rí. Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ di onímọ̀ ìṣirò. Kò dára fún ẹni tó fẹ́ padà wá dá ibùdó sílẹ̀ nílé. Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tí UK Biobank forúkọ wọn sílẹ̀ láàárín 2006 sí 2010 jẹ́ ẹni ọdún 40 sí 69, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú wọn sì jẹ́ aláwọ̀ funfun. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọpọlọ àgbàlagbà wa ṣe ń rí nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún kò ní rí ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú dátà yìí, bó ti wù kó pọ̀ tó. Ilé gbígbé ní Oxford tún wọ́n, ẹ fi ìyẹn sí i.

Ohun kan tún wà tí n kò tíì rí nínú ìkéde kankan, ọ̀rọ̀ irun ni. Ohun èlò tó ń gba àmì láti orí, tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì, dà bí àgò tí wọ́n dé mọ́ agbárí, ó sì fún típẹ́típẹ́ nítorí pé bó bá ṣe súnmọ́ orí tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó. Obìnrin tó di irun pẹ̀lú irun àsomọ́, tó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ìpàkọ́, kò ní lè fi orí lélẹ̀ dáadáa nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rọ́ ọ wọlé, àgbọ̀n rẹ̀ á tẹ̀ mọ́ àyà, ìpàkọ́ rẹ̀ á jìnnà sí ìsàlẹ̀ kọ́ìlì, ara rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ tó láti dúró láìmira. Wíìgì tó ní ìdè onírin kò gbọdọ̀ wọ yàrá náà rárá. Mo ti dúró nínú yàrá ìdarí ẹ̀rọ rí nígbà tí wọ́n ní kí ọmọbìnrin kan tó gbàyè níbi iṣẹ́ wá máa padà lọ sílé nítorí irun rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún un ní owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti kúrò nínú ìwádìí nìyẹn. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, àwọn obìnrin wa ló ń yọ kúrò nínú ìmọ̀ nípa ọpọlọ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ẹni tó pinnu pé kí wọ́n má ṣe wà níbẹ̀. Irú ìṣòro kan náà wà nínú EEG, tó ń gba àmì iná mànàmáná ọpọlọ, tí wáyà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kan awọ orí, ó sì wà nínú fNIRS, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, nítorí pé irun dúdú tó ki àti àwọ̀ dúdú máa ń gba púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ra.

Nítorí náà, ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ béèrè ìlànà tí ibùdó náà ní fún ẹni tó di irun. Ibi tí wọ́n ti ní ìdáhùn, tí wọ́n ń sọ fún olùyọ̀ǹda ara ṣáájú irú irun tó lè wọlé, tí wọ́n sì ń fún un ní ọjọ́ mìíràn dípò kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, jẹ́ ibi tí wọ́n ti ro ọ̀rọ̀ wa. Ibi tí wọ́n bá ti ń wo ara wọn lójú, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Montreal yàtọ̀. Ọdún 1934 ni Wilder Penfield, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, dá ilé ẹ̀kọ́ ọpọlọ tó wà ní Yunifásítì McGill sílẹ̀, orúkọ ìlú náà sì wà lẹ́nu gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí nítorí MNI152 (Montreal ni M inú rẹ̀), àwòrán ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ọpọlọ ènìyàn 152 ṣe, tí à ń tò àwòrán àwọn tí a yà mọ́ kí a lè fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn. Ohun tó mú kí n fi Montreal sínú àyẹ̀wò yìí kì í ṣe ìtàn rẹ̀, bí kò ṣe iṣẹ́ tó ń lọ níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Udunna Anazodo, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni aṣáájú CAMERA, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ní ìmọ̀ MRI. Ọwọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nínú ètò BraTS-Africa, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá jẹjẹrẹ ọpọlọ mọ̀ nínú àwòrán MRI àwọn aláìsàn ilẹ̀ Áfíríkà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, tí àwọn àwòrán náà kò sì mọ́ bíi ti òkè òkun. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí gidigidi, nítorí pé kò dúró dìgbà tí ẹ̀rọ tuntun bá dé. Èyí tó wà ní ilé ìwòsàn wa ló ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ tó ṣeé mú padà wálé, tí òtútù kò sì bà lẹ́rù, Montreal ni kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Boston ní ohun gbogbo àyàfi ọ̀nà tó rọrùn. Àwọn onímọ̀ ilé ìwòsàn Massachusetts General wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi MRI rí iṣẹ́ ọpọlọ ènìyàn láàárín 1991 sí 1992, ibùdó Martinos wọn ní Charlestown ni wọ́n ti kọ́ FreeSurfer dàgbà, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń fi wọn bí èèpo ọpọlọ ṣe nípọn tó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú owó fellowship Amẹ́ríkà wá láti NIH, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, àwọn méjì tó gbajúmọ̀ jù fún postdoc, ìyẹn T32 àti F32, sì wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè náà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí ayé nìkan. Ní 2024, 61,008 dọ́là lọ́dún ni NIH yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ gba físà lọ kò ní lè fọwọ́ kàn án. Mo ti rí àwọn tó fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ ìwé fún F32 kí wọ́n tó ka ìlà yìí. K99/R00, owó NIH mìíràn, kò béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà fún ẹni tó ti ń ṣe postdoc ní Amẹ́ríkà tí kò sì tíì ju ọdún mẹ́rin lọ. Èyí túmọ̀ sí pé abẹ́ owó ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni ẹni tó ń ti ilé lọ máa kọ́kọ́ wọ̀, òfin físà sì ti le sí i láìpẹ́ yìí. Ẹ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, òun náà ni kẹ̀kẹ́ ìwádìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wákàtí kan nínú ẹ̀rọ Tesla 3 ń náni ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, nítorí náà ẹni tó fẹ́ ya 40 ènìyàn, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì máa lo wákàtí kan àtààbọ̀, ń sọ̀rọ̀ nípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn kó tó san owó ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Fellowship tó bá san owó oṣù nìkan, tí kò sọ ẹni tó máa san owó ẹ̀rọ, kò tíì pé. Ti ẹbí tún wà níbẹ̀. Láti oṣù Èrèlé 2024, 1,035 pọ́n-ùn ni owó ìlera tí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó ń gba físà ń san fún ọdún kan, ti ọmọdé jẹ́ 776, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà kí físà tó jáde. Tọkọtaya tó ní ọmọ méjì, tí wọ́n ń lọ fún ọdún mẹ́ta, máa san 10,866 pọ́n-ùn ní orí ìlera nìkan, wọn kò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú. Àwọn yunifásítì kan ń san án padà, àwọn mìíràn ń yá ènìyàn, àwọn kan kò sì dá sí i. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè kí a tó gba iṣẹ́ ni, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Nínú àwọn owó tí ọmọ Nàìjíríà lè fi orúkọ ara rẹ̀ gbà, mẹ́ta ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Marie Skłodowska-Curie ti ilẹ̀ Yúróòpù kò wo orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti wá. Ohun tó ń wò ni pé kí onítọ̀hún ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, kó má sì ti gbé ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ ju oṣù 12 lọ nínú oṣù 36 tó ṣáájú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti padà sínú ètò yìí láti 2024, nítorí náà a lè fi lọ sí Oxford tàbí London. Àléébù rẹ̀ ni pé èrò ti pọ̀ jù: 10,360 ènìyàn ló kọ̀wé ní 2024, ní 2025 ó fò sókè dé 17,058. Newton International Fellowship, tí a fi ń lọ ṣèwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, tó sì ń ṣiṣẹ́ níta rẹ̀ nígbà tó ń kọ̀wé, èyí tó bá ẹni tó wà nílé mu dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù, òun sì ni àwọn ènìyàn wa kì í sábà bèèrè. Wellcome Early-Career Award, ti àjọ Wellcome ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń san owó oṣù, ó sì ń fi tó 400,000 pọ́n-ùn kún un fún ìnáwó ìwádìí, ọdún márùn-ún ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Yunifásítì tó gbà á lálejò lè wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Ireland, ó sì tún lè wà ní orílẹ̀-èdè tí owó tó ń wọlé fún un kéré tàbí mọ níwọ̀n, yàtọ̀ sí Íńdíà àti Ṣáínà. Nàìjíríà wà nínú èyí. Ìyẹn ni pé olùwádìí lè jókòó sí Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀, kó ní owó tirẹ̀, kó sì máa lọ sí Oxford tàbí Montreal lọ kọ́ ohun tó kù fún un, dípò kó fi ilé sílẹ̀ pátápátá.

N kò sọ pé èyí rọrùn. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 rí ẹ̀rọ MRI 84 péré ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 58 nínú wọn ló wà ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni agbára òòfà wọn kò sì pọ̀. Aláìsàn ló kọ́kọ́ ni wọ́n, bó sì ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní Ìbàdàn kò sí ní Oxford. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí àrùn ìgbàgbé láàárín àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn, tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis; ìwádìí SIREN tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ń darí sì ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ ní Nàìjíríà àti Ghana lórí àrùn rọpárọsẹ̀, tí wọ́n fi àwòrán CT (oríṣi X-ray kan) tàbí MRI fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lára àwọn aláìsàn. Ẹni tó bá gbé ìbéèrè tó jáde láti inú irú iṣẹ́ báyìí lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní òkè òkun kò lọ tọrọ iṣẹ́. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò ní ló gbé lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ̀wé fún Marie Curie, oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbajúmọ̀ sì ti máa ń yan ẹni tí wọ́n fẹ́ bá kọ ọ́ kó tó di àárín ọdún. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn láàárín oṣù Ṣẹ́rẹ́ sí Ẹrẹ́nà. Kí ó jẹ́ ojú ìwé kan péré: ìbéèrè yín ní ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́, iye ènìyàn tí ẹ fẹ́ yà àti wákàtí ẹ̀rọ tí ó máa gbà, àti ohun tí ẹ ní nílé tí ibùdó wọn kò ní. Kí ẹ tó fi orúkọ wọn sínú ìwé, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ bá postdoc kan tó ti kúrò lọ́dọ̀ wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bi í léèrè iye ìwé ìwádìí tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú rẹ̀, àti bóyá wọ́n jẹ́ kó mú iṣẹ́ rẹ̀ lọ nígbà tó ń kúrò.